Ọkàn Asáré Ọ̀nà Jíjìn: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Àwòrán Ọkàn Tí Ó Ń Lù



Kò sí ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ girama tí ó lè gbàgbé ọjọ́ eré ìdárayá ilé-sí-ilé. Ẹ rántí bí a ṣe ń fi ẹfun sàmì sí pápá, bí àsíá ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àti bí gbogbo wa ṣe máa ń dìde dúró nígbà tí eré ìje onímítà 1,500 bá ku ẹ̀ẹ̀kan kí wọ́n yí pápá ká. Àwọn tí wọ́n fi ìkánjú bẹ̀rẹ̀ á ti máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà náà ni ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó pàtẹ́wọ́ fún un, a ó sì yin ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni ó sá eré náà. Ohun kan wà lẹ́yìn egungun àyà rẹ̀ tí ó ṣe iṣẹ́ ńlá, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì rí.

Ẹ ó rántí ìtàn wòlíì Sámúẹ́lì ní ilé Jésè, bí ìrísí àti gíga ọmọ àkọ́bí ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tan àgbà wòlíì náà jẹ. Lóòótọ́, ìwà àti èrò ni ìtàn yẹn pè ní ọkàn, kì í ṣe ẹran ara tí ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri inú ara. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ tiwa mu: ìrísí òde kò tó láti mọ ohun tí ó wà nínú. Lónìí, àwọn onímọ̀ ìṣègùn lè wo ọkàn ènìyàn nígbà tí ó ń lù lọ́wọ́, láì fi ọ̀bẹ kan ara. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé: bí wọ́n bá wo ọkàn asáré, tí wọ́n sì bá a pé ó tóbi ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ, ṣé agbára ni, àbí àìsàn?

1. Iṣẹ́ tí ọkàn ń ṣe

Ọkàn àgbàlagbà tóbi tó ìkúùkù ọwọ́ rẹ̀. Yàrá mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Apá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tí ó ti yí ara ká, ó sì ń tì í lọ sí inú ẹ̀dọ̀fóró kí ó lè gba afẹ́fẹ́ tuntun. Apá òsì ń gba ẹ̀jẹ̀ náà padà láti inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń tì í lọ sí gbogbo ara, láti ọpọlọ títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Nítorí pé yàrá ìsàlẹ̀ ti apá òsì ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù, ògiri rẹ̀ ni ó nípọn jù. Ilẹ̀kùn kéékèèké mẹ́rin ni ó ń ṣọ́ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Wọ́n ń ṣí, wọ́n sì ń padé, kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sí ibi tí ó ti wá. Ìró pípadé àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí ni dókítà ń gbọ́ nígbà tí ó bá gbé ẹ̀rọ ìgbọ́-àyà lé wa láyà.

Bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ a máa lù ní ìgbà 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí a bá mú 70, ìgbà 100,800 ni ó ń lù láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò ní ìsinmi òru, kò sì ní ọlidé.

2. Ìṣirò kékeré kan

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò tí ọmọ kíláàsì kìíní girama lè ṣe. Ara àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ nílò nǹkan bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ọkàn bá lù ní ìgbà 70 kí ó tó gbé lítà 5 náà, nǹkan bíi mìlílítà 71 ni ó ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tí ó ti ń fi eré ọ̀nà jíjìn kọ́ra fún ọ̀pọ̀ ọdún lè máa lù ní ìgbà 50 péré, tàbí 40 pàápàá, nígbà tí ó bá jókòó. Lítà 5 kan náà ni ara rẹ̀ ń fẹ́. Nítorí náà, bí ó bá lù ní ìgbà 50, mìlílítà 100 ni ó gbọ́dọ̀ gbé lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ 40, mìlílítà 125 ni.

Ó dà bí àwọn méjì tí wọ́n ń pọn omi kún inú àmù tí ó tóbi bákan náà. Ẹni tí ó mú igbá kékeré dání gbọ́dọ̀ máa sá lọ sá bọ̀. Ẹni tí ó mú igbá ńlá dání ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àmù rẹ̀ sì ń kún bí ti èkejì. Nígbà tí eré bá wá gbóná, tí àwọn méjèèjì ní láti sáré, ìyàtọ̀ á hàn gbangba. Ọkàn ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe asáré, lè gbé nǹkan bíi lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ó bá ń sáré dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ti ògbóǹtarìgì asáré ọ̀nà jíjìn lè kọjá lítà 30. Kì í ṣe pé ọkàn asáré lè lù kíákíá ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìdánrawò kì í fi kún iye ìgbà tí ọkàn lè lù. Igbá ni ó tóbi.

3. Bí a ṣe ń fi ohùn ríran

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé igbá náà tóbi? Ní ọdún 1899, dókítà ará Swídìn kan, Salomon Henschen, yẹ àwọn tí wọ́n ń sáré lórí yìnyín wò. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń lu àyà wọn, tí ó sì ń fetí sí ìró rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń lu agbè láti mọ ibi tí ẹmu inú rẹ̀ dé. Ó rí i pé ọkàn àwọn asáré náà tóbi ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ, ó sì gbà pé iṣẹ́ ni ó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà, X-ray tí Wilhelm Röntgen ṣàwárí ní Jámánì ní ọdún 1895 ti wà, ṣùgbọ́n òjìji ọkàn ni fọ́tò X-ray ń fi hàn. Ó lè sọ bí ọkàn ti fẹ̀ tó. Kò lè fi ilẹ̀kùn inú rẹ̀ hàn, kò sì lè sọ bí ògiri rẹ̀ ṣe nípọn tó.

Ọ̀nà tuntun là ní ìlú Lund, ní ilẹ̀ Swídìn kan náà, ní ọdún 1953. Dókítà Inge Edler ń wá bí òun yóò ṣe máa rí ilẹ̀kùn ọkàn àwọn aláìsàn òun kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Carl Hellmuth Hertz, tí ó jẹ́ onímọ̀ físíìsì, mọ̀ pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń wá ibi tí irin bá sán nínú, láì la irin náà. Wọ́n yá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé e sí àyà ènìyàn. Ìlà tí ń gòkè tí ń sọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí, kì í ṣe àwòrán bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ṣùgbọ́n lílù ọkàn alààyè ni ìlà náà ń tọ̀ lẹ́yìn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé wa. Bí ọmọ kan bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán òkè àpáta tí ó sì kígbe, ohùn rẹ̀ yóò padà wá bá a. Bí òkè náà bá jìnnà, ohùn yóò pẹ́ kí ó tó padà. Àdán ń lo irú ọgbọ́n yìí láti fò nínú òkùnkùn láì kọlu igi. Ẹ̀rọ náà ń rán ohùn sínú àyà, ohùn tí ó ga ju èyí tí etí wa lè gbọ́ lọ. Etí ènìyàn kò lè gbọ́ ohùn tí ó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan; ti ẹ̀rọ yìí ń gbọ̀n ju ìgbà mílíọ̀nù méjì lọ. Nínú ẹran ara, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 1,540 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ògiri ọkàn bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ẹ̀rọ, àlọ àti àbọ̀ ohùn náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, kò sì gbà ju nǹkan bíi ìdá 1 nínú 7,700 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Kọ̀ǹpútà ń ka àkókò yìí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ó sì ń fi ya àwòrán tí ń mira.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti ṣe sikáànì oyún rí ti mọ ẹ̀rọ yìí; ọgbọ́n kan náà ni. Ẹni tí wọ́n fẹ́ wo ọkàn rẹ̀ yóò fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Wọn yóò fi nǹkan yíyọ̀ kan pa á láyà, nítorí pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ láàárín ẹ̀rọ àti awọ ara lè dí ohùn lọ́nà. Egungun pẹ̀lú ń dí i, nítorí náà àárín egungun ìhà ni wọ́n ń gbé e sí. Kò dunni, kò sì ní ìtànṣán X-ray nínú. Ẹ̀rọ náà tún lè fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí hàn pẹ̀lú àwọ̀: pupa fún èyí tí ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ, búlúù fún èyí tí ń lọ. Ohun tí Christian Doppler ará Austríà ṣàlàyé ní ọdún 1842 ni èyí dúró lé: bí fèrè ọkọ̀ tí ń bọ̀ ṣe máa ń dún tín-ín-rín létí wa, tí ó sì ń rọlẹ̀ bí ọkọ̀ náà bá ti kọjá.

Ẹ̀rọ MRI tún wà, tí ó ń fi agbára òòfà ńlá àti ìgbì rédíò ṣiṣẹ́. Ó ń ya àwòrán rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú lílù ọkàn, ó sì máa ń fi ògiri ọkàn hàn kedere. Ọ̀wọ́n ni, kò sì sí ní ibi púpọ̀. Nítorí náà, sikáànì ohùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bá pàdé.

4. Ohun tí a rí lẹ́yìn àyà asáré

Ẹ jẹ́ kí a dúró níwájú ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀. Bí wọ́n bá wo yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ní ìbú, òrùka kan ni a ó rí tí ń sún kì, tí ó sì ń tú ká. Bí wọ́n bá wò ó ní òòró, a ó rí ilẹ̀kùn tí ó ní awẹ́ méjì tí ń ṣí bí ẹni pé ọwọ́ méjì ń pàtẹ́wọ́. Ti asáré ọ̀nà jíjìn kì í kánjú. Ó sún kì, ó tì í jáde, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ lè bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n nínú ìdákẹ́ náà ni ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, tí ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ wọlé, tí yàrá náà ń fẹ̀ láti gbà á. Agbára asáré kò sí nínú fífún ẹ̀jẹ̀ jáde nìkan. Ó wà nínú bí ọkàn ṣe ń sinmi tí ó sì ń kún.

Ní ọdún 1975, Joel Morganroth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọkàn àwọn eléré ìdárayá tí wọ́n fi ẹ̀rọ ohùn yìí wò. Wọ́n rí i pé yàrá ọkàn àwọn asáré ọ̀nà jíjìn àti àwọn òmùwẹ̀ fẹ̀ ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ògiri ni ó nípọn ní ti àwọn ajìjàkadì àti àwọn tí ń ju irin. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ìyàtọ̀ náà kì í fi gbogbo ìgbà hàn gbangba tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ dúró: ọkàn ń gba ìrísí iṣẹ́ tí a bá fún un ṣe.

5. Ọkàn ńlá: agbára ni àbí àìsàn?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹ gbọ́ ìtàn ènìyàn méjì.

Clarence DeMar jẹ́ atẹ̀wé ní Amẹ́ríkà, ó sì jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ní ọdún 1911, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré ìje Máràtọ́ọ̀nù ti ìlú Boston, dókítà tí ó fetí sí àyà rẹ̀ gbọ́ ìró kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó jáwọ́ nínú eré sísá. DeMar sá eré ọjọ́ náà, ó sì gba ipò kìíní. Ó di ọdún 1922 kí ó tó tún gba ipò náà ní Boston; nígbà tí yóò fi di ọdún 1930, ó ti gbà á nígbà méje, ẹni ọdún 41 sì ni nígbà tí ó gba èyí tí ó kẹ́yìn. Àrùn jẹjẹrẹ ni ó pa á ní ọdún 1958, ní ẹni ọdún 70. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn rẹ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti ẹlòmíràn. Ọkàn tí wọ́n ní kò yẹ kó sáré ti gbé e fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìtàn kejì kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, ní pápá ìṣeré Súrùlérè ní Èkó, Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àngólà gbá bọ́ọ̀lù. Agbẹjọ́rò ni, ẹni ọdún 25 péré ni, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá lójú gbogbo ẹni tí ó ń wò ó. Kò dìde mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ rántí ibi tí ẹ wà nígbà tí ìròyìn náà dé.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Wọ́n dá ọ̀kan dúró nígbà tí kò yẹ kí wọ́n dá a dúró. Wọn kò dá èkejì dúró nígbà tí ó yẹ. Lẹ́yìn ikú ni a tó mọ òótọ́ nípa àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí wíwo ọkàn nígbà tí ó ń lù fi jẹ́ ẹ̀bùn ńlá.

Àìsàn kan wà tí ó máa ń ran ìdílé, nínú èyí tí ògiri ọkàn ń nípọn láìjẹ́ pé iṣẹ́ ni ó fà á. Nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 500 ni ó ní in. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ayé wọn láì mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí ń pa àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá lójijì. Báwo ni dókítà ṣe ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ọkàn asáré?

Ohun kìíní ni ìwọ̀n. Ògiri ọkàn asáré kì í sábà nípọn ju mìlímítà 12 lọ, yàrá inú rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ pẹ̀lú. Ti aláìsàn sábà máa ń nípọn ní apá kan ju apá kejì lọ, yàrá inú rẹ̀ a sì há. Ohun kejì ni ìsinmi: ọkàn asáré ń tú ká kíákíá, ó sì ń kún, ti aláìsàn ń le gbandi. Ohun kẹta ni àkókò: bí asáré bá dáwọ́ ìdánrawò dúró fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ògiri ọkàn rẹ̀ a máa fẹ́lẹ́ padà, ti aláìsàn kì í padà. Ohun kẹrin ni ìtàn ìdílé.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń sáré tàbí tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní òkè òkun, ẹ fi etí sí èyí. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2008 fi ọkàn àwọn eléré ìdárayá aláwọ̀ dúdú wé ti àwọn aláwọ̀ funfun. Nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú, ògiri ọkàn àwọn 18 ju mìlímítà 12 lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ funfun, 4 péré ni. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìwọ̀n tí wọ́n kọ́ lára àwọn ìran mìíràn nìkan lè mú kí wọ́n pe ọmọ tí ara rẹ̀ le ní aláìsàn. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá délé, ẹ má ṣe bínú, ẹ má sì ṣe sọ̀rètí nù. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò síwájú sí i lọ́dọ̀ dókítà tí ó mọ̀ nípa ọkàn eléré ìdárayá.

6. Ohun tí ó kù sí ọwọ́ wa

Láti òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Ní ọdún 1996, lẹ́yìn tí Kanu Nwankwo ti bá Nàìjíríà gba góòlù Òlíńpíìkì, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un nígbà tí ó dé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun ní Ítálì fi hàn pé ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ kan ní àbùkù. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà ní ọdún náà, ó sì padà sórí pápá ní ọdún 1997. Ní ọdún 2000, ó dá àjọ kan sílẹ̀ tí ń ran àwọn ọmọ tí ọkàn ń yọ lẹ́nu lọ́wọ́. Wọ́n wò ó nígbà tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó nílò sikáànì. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kí ó tó tún sáré, bí ó bá dákú nígbà tí ó ń sáré lọ́wọ́. Bí àyà bá ń dùn ún nígbà tí ó ń ṣe eré ìdárayá. Bí èémí rẹ̀ bá ń tètè tán ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láìnídìí. Bí ọkàn rẹ̀ bá ń lù ségesège. Tàbí bí ìbátan rẹ̀ kan bá ti kú lójijì kí ó tó pé ẹni ọdún 50. Ẹ má ṣe yára pè é ní àfọwọ́fà, ẹ má sì ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Àdúrà àti àyẹ̀wò kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Bí ẹnì kan bá sì ṣubú lórí pápá, tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, omi tútù kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ pe ìrànlọ́wọ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, láì dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀kọ́ yìí ka eré sísá léèwọ̀ fún ọmọ. Eré sísá ń mú ọkàn lágbára. Ohun tí a ń sọ ni pé kí á mọ ọkàn tí ń sáré. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá ń wá ẹ̀bùn tí wọn yóò fi ṣe àjọ̀dún, ẹ wo ti dókítà kan tí yóò máa yẹ àwọn asáré wa wò kí ọjọ́ eré ìdárayá tó pé, àti ti olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń tẹ àyà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Bí ọkàn asáré kan bá ń lù ní ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ó jókòó, tí ó sì ń gbé lítà 5, mìlílítà mélòó ni ó ń gbé lẹ́ẹ̀kan?
2. Kí ni ìdí tí ìdákẹ́ láàárín lílù méjì fi ṣe pàtàkì nínú ọkàn asáré?
3. Kí ni ìtàn DeMar àti ti Okwaraji fi kọ́ wa nípa ìdájọ́ tí a gbé ka ìrísí òde tàbí ìró kan ṣoṣo?
4. Ǹjẹ́ a mọ ìtàn ọkàn nínú ìdílé tiwa? Ta ni nínú àwọn àgbà wa tí a lè bi léèrè kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí?